Ọjọ́ Tí Tolúwalàṣẹ Lọ fún Àyẹ̀wò Ọlọ́pàá

Aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni fóònù Dorcas gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò jẹ́ kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì tó fi rá a mú, nítorí Gbádégẹṣin káfíńtà, ọkọ rẹ̀, ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà nínú fóònù ọ̀hún kì í ṣe èyí tí etí ọkọ gbọdọ̀ gbọ́. Ó ró ìró mọ́yà, ó yọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà." Tolúwalàṣẹ, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ló ń sọ̀rọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fara pamọ́. "Màmá, Ìyá Ọ̀yọ́ gbé abẹ dání o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún mi kí n tó lọ sí pápá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn ṣe é."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Màmá!"

Ìyá Ọ̀yọ́ tí ọmọ yìí ń wí ni Mọ̀ríámọ̀, ẹ̀gbọ́n Gbádégẹṣin, arúgbó tó ń ta àgbo nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Ilé rẹ̀ ni Tolúwalàṣẹ sùn mọ́jú, torí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ara fún àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, aago méje àárọ̀ ni wọ́n sì ní kí gbogbo wọn ti tò sórí pápá.

"Màmá, mo ka ìwé ọlọ́pàá yẹn sí yín létí. Wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tó bá fín nǹkan sára tàbí tó lápàá tuntun."

"Àwọn ọmọ ìta tó ń ya agbárí òkú sápá ni wọ́n ń bá wí. Ta ló ń ka gbẹ́rẹ́ mọ́ ìyẹn? Ìyá tó bí mi sín in fún mi nígbà tí gìrì ń gbé mi, ṣé mo wá di ọmọ ìta ni? Oògùn ni. Bí abẹ́rẹ́ ọsibítù náà ló rí. Gbà á, ọmọ mi. Ohun tí Ìyá Ọ̀yọ́ bá ní kí o ṣe, ṣe é. Ìyọ́nú nìkan ni, kí ojú wọn lè dá sí ọ lára nínú ọ̀pọ̀ èrò. Ṣé o gbọ́? Má sì jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀."

Dorcas ń gbọ́ bí àkùkọ ṣe ń kọ ní ilé Mọ̀ríámọ̀ lọ́hùn-ún.

"Ó dáa mà," ni Tolúwalàṣẹ wí, ó sì pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú Dorcas. Mo mọ̀ pé Ìyá Àdúrà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo mọ̀ pé ó ti mú obìnrin kan kúnlẹ̀ rí níwájú ìjọ nítorí ońdè tó so mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọdún kẹrin rèé tí Tolúwalàṣẹ ti jáde ní polí. Ibi gbogbo tó bá mú ìwé rẹ̀ dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni pé ta ló rán an wá. Kò sẹ́ni tó rán an wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e wá. Wọ́n á ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀, àwọn máa pè é. Ilẹ̀ yìí náà ló kọ́ Dorcas pé ìwé nìkan ò tó, pé òógùn ojú nìkan ò tó, pé ẹni tí kò lẹ́ni lókè gbọdọ̀ wá nǹkan kan dì mú. Ó sì ku oṣù kan péré kí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìwé ọlọ́pàá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ti kọjá márùndínlọ́gbọ̀n, kó jókòó sílé rẹ̀. Tí kò bá bọ́ sí i lónìí, ó tán nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbádégẹṣin jí, ó fi omi bọ́jú, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ti gbé oyè fún.

"Tí wọ́n bá ní kí wọ́n sáré báyìí," ó wí, "wọn ò ní rí ẹ̀yìn ọmọ mi. Ìyá Tolú, àbí n kò sọ fún ọ? Oṣù mẹ́jọ la fi sá a lójú ọ̀nà Ìlọrin. Èmi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, òun níwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá sáré dé ilé epo, á bì. Ní ìsinsìnyí ńkọ́? Á lọ, á bọ̀, kò ní mí hẹlẹhẹlẹ."

Dorcas ń po gààrì fún un. Òun fúnra rẹ̀ ń gbààwẹ̀, kò fi nǹkan kan sẹ́nu.

"Eré dáa," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ká ní ẹ fún ọkùnrin Takie yẹn ní nǹkan tó bèèrè ni, ọkàn wa ò bá balẹ̀ lónìí."

Ọkùnrin Takie yẹn ni èyí tó ní òun mọ ẹni tó mọ ẹni kan ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mú orúkọ. Ohun tó bèèrè, bí Gbádégẹṣin ò bá ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó, kò sí bó ṣe máa rí i.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"N kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an, ìgbà wo la ríná gbẹ̀yìn tí ẹ fi lò ó?"

"Gbọ́, Dorcas." Tí Gbádégẹṣin bá ti pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. "N kò ní ra iṣẹ́ fún ọmọ. Ẹni tó bá ra iṣẹ́ ọlọ́pàá, ojú títì ló ti máa gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ èmi àti ìwọ. Ọmọ tèmi ò ní na ọwọ́ sí awakọ̀. Tí wọ́n bá mú un, kí wọ́n mú un nítorí pé ó tó bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá mú un, kó wá bá mi fá pákó."

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, Bàbá Tolú. Ó dùn gan-an. Kì í kàn ṣe èyí tí wọ́n ń sè jẹ ni."

Ọkọ gbé gààrì mì. Dorcas gbé ẹrù bàtà rẹ̀ karí, ó jáde.

Bàtà òkirikà ló ń tà ní oríta Takie, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń kó èrò. Ọwọ́ rẹ̀ ń to bàtà, ọkàn rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Ràódàt, tó ń ta ìborí àti híjáàbù ní ìsọ̀ kejì, tí wọ́n sì jọ ń gbé àdúgbò kan náà, kò jẹ́ kó simi.

"Ìyá Tolú, ẹ kú ìfojúsọ́nà o. Ṣé ọmọ wa ti dé orí pápá?"

"Ó ti dé ibẹ̀. A dúpẹ́."

"Ọlọ́run á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, ta lẹ ní níbẹ̀?"

"Ọlọ́run la ní."

"Gbogbo wa la ní Ọlọ́run," ni Ràódàt wí, ó sì mi orí. "Mashood àbúrò mi ní Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Kó tó dé ibẹ̀ ni orúkọ ti pé. Ismaheel tó ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́? Ó kàwé tán ní polí, ó ga bí òpó iná, àyà rẹ̀ rèé bí ilẹ̀kùn. Ṣé wọ́n mú un? Ọmọ kan tí kò lè gbé garawa omi ni wọ́n mú, torí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ́ nǹkan kan ní Àbújá. Ẹ má jẹ́ n kó ọkàn yín sókè o. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú ń rí ni."

Ismaheel ti dúró sẹ́bàá wọn nígbà náà, ó ń retí èrò. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Èmi náà ti di ọ̀gá ọlọ́pàá báyìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá wọn ṣèpàdé ní ojú ọ̀nà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dorcas náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó dára tí mo ṣe ohun tí mo ṣe. Bí wọ́n bá ń gba ẹ̀yìn wọlé, kí ọmọ tèmi náà ní ohun tó máa fi gba ẹ̀yìn wọlé. Ó rántí ìjẹta tó pe Mọ̀ríámọ̀. Arúgbó náà ti kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ? Ìwọ tí o kì í mu àgbo nílé mi? Ṣé ọkọ rẹ mọ̀?" Dorcas ní kó má mọ̀, pé òun bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ tí wọ́n jọ ni. Mọ̀ríámọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọdé gbẹ̀yìn, ayé ti yí padà, kí wọ́n má lọ fi ọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́. Dorcas sunkún sí i létí. Ẹkún yẹn ló mú un.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni fóònù tún dún.

"Màmá! Màmá, mo ṣe kìíní nínú eré!"

Dorcas dìde láàárín àwọn bàtà. "Kí lo wí?"

"Kìíní, láàárín gbogbo obìnrin! Wọ́n wọn gíga mi, mo kọjá. Wọ́n yẹ ìwé mi wò, ó pé. Màmá, wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan, ẹ̀yin ì bá rí i, wọ́n ní kó fi lẹ́tà rẹ̀ sápò, kó lọ tò sórí ìlà kó sáré bíi ti ẹlòmíì. Kò sáré dé ìdajì tó fi jókòó!" Ó ń rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. "Dókítà nìkan ló kù. A ti tò síbẹ̀."

"Ògo! Ògo ni fún Ọ . . ." Dorcas rántí nǹkan kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo fi ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn bò ó. Ó ń ta mí."

"Yóò jinná. Lọ, ọmọ mi. Lọ, ó ti ṣe."

Àfi bíi pé wọ́n ti wọṣọ ọlọ́pàá fún òun gan-an. Dorcas jó yí ká ìsọ̀. Ràódàt pariwo, ó dì mọ́ ọn. Ismaheel fun fèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé, "Àṣẹ, àṣẹ, tiwa náà á dé."

Ẹ sì wá gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó fi oṣù mẹ́jọ sáré nínú ọyẹ́ àti nínú òjò, tó bì ní ìdí ilé epo, tó tún dìde, òun ló ṣe kìíní. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò fi iyì náà fún ẹsẹ̀ ọmọ, kò fi í fún bàbá tó ń bá a jí. Ohun tó wá sọ́kàn Dorcas bó ṣe ń di ẹrù bàtà ni pé: Mọ̀ríámọ̀ mọṣẹ́. Ẹ̀tù tó fi pa gbẹ́rẹ́ yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

Kò tà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba Sábó kọjá, ó ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, ó ra iṣu méjì tó wu ojú, ó ra ẹ̀gúsí àti ẹja. Nígbà tó délé, Gbádégẹṣin ti gbọ́, ọmọ ti pè é. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O rí i?" ó wí. "Láìfún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. O rí i bí?"

"Mo rí i."

"Ilẹ̀ yìí ò tíì bàjẹ́ tán, Ìyá Tolú. N kò mọ̀. Èmi fúnra mi tí mò ń sọ ọ́ lẹ́nu, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá yẹn."

Dorcas sá wọ ilé ìdáná, torí kò mọ ojú tó máa fi wò ó. Ó se ọbẹ̀, ó dín wàrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán. Ẹ mọ̀ pé odó kì í jẹ́ kí ayọ̀ ilé pamọ́, pàápàá nígbà tí iṣu wọ́n tó báyìí. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. "Ẹ kú oríire o." "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ọlọ́pàá." "Ẹ má gbàgbé wa tí wọ́n bá tì wá mọ́lé o." Gbádégẹṣin ń dá wọn lóhùn, ó ń pọ́n ọmọ rẹ̀ lé, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Aago mẹ́ta lù, ọmọ ò pè. Dorcas pè é, kò gbé e. Ó tún pè é, wọ́n ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ó bo ìyán mọ́lẹ̀. Gbádégẹṣin ní bátìrì ló kú, ta ni kò mọ bí bátìrì fóònù yẹn ṣe ń ṣe. Dorcas ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ìdọ̀tí tí kò sí nínú ẹ̀gúsí tó ti jinná.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù ni ọlọ́kadà já Tolúwalàṣẹ sílẹ̀.

Gbádégẹṣin nà rọ́ńkẹ́, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí ọlọ́pàá tó rí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá wa! Ẹ káàbọ̀ sà! Kò séwu lẹ́yìn . . ."

Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, kò dìde mọ́.

"Kí ló dé? Tolú, kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, Dádì."

"Kí o máa lọ sílé báwo? Ìwọ tí o ṣe kìíní?"

Tolúwalàṣẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Gbẹ́rẹ́ méje wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, méje wà ní tòsì, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀tù dúdú, àwọn mìíràn ti wú.

"Dókítà obìnrin ni," ó wí. "Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Mo bọ́ ọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé kí nìyí. Mo ní gbẹ́rẹ́ ni. Ó ní ìgbà wo? Mo ní àárọ̀ yìí. Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé, kò kọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, 'Ìwọ kọ́ lo ṣe kìíní nínú eré ni?' Mo ní èmi ni mà. Ó ní, 'Kí ló dé tí ẹ máa ń ṣe báyìí ná?' Ó ní egbò tuntun ni, òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti pé òfin ò sì gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ojú rẹ̀ pọ́n, Dádì, ó ṣe é láàánú. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́. Ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní ọjọ́ orí mi á ti kọjá. Ó pe ẹni tó kàn."

Dorcas di òpó ilé ìdáná mú.

"Ta ló sín gbẹ́rẹ́ fún ọ?" Ohùn Gbádégẹṣin kéré. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé òun.

Tolúwalàṣẹ wo ìyá rẹ̀. "Ìyá Ọ̀yọ́ ni," ó wí.

"Mọ̀ríámọ̀!" Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. "Ó ṣe tán! Wọ́n ní tí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ń ṣọ́ ìta, mò ń ṣọ́ àwọn olówó àti àwọn ọlọ́lá, àṣé inú ilé bàbá mi ni wọ́n ti ń pọ́n abẹ!"

Àwọn aládùúgbò tó ti kí wọn kú oríire ti ń padà dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràódàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi o jàre. Gbẹ́rẹ́ ọ̀hún, àwáwí ni. Wọ́n ti mọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ mú láti ilé. Tí kì í bá ṣe gbẹ́rẹ́, wọn ì bá ní eyín rẹ̀ kò tò dáadáa."

"Rárá, Àǹtí," ni Tolúwalàṣẹ wí. "N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọn ò rẹ́ mi jẹ. Ọmọ tó ṣe kejì, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní Fìdítì. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú un."

"Họ́wù, ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?" Ràódàt rẹ́rìn-ín ìyà. "Ọmọdé ni ọ́."

Àwọn aládùúgbò ò gbà á gbọ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tì, wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú. Ta ló máa wá dá wọn lẹ́bi? Irọ́ tí wọ́n ti pa fún wọn ti pọ̀ jù, wọn ò mọ òótọ́ mọ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ kọlù ú.

Gbádégẹṣin ti yọ fóònù. Ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Gbádé, àbúrò mi." Ó ti ń retí ìpè náà. "Ọmọ ti délé?"

"Kí ni mo ṣe yín?" Gbádégẹṣin gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. "Mo ní kí ẹ kàn gba ọmọ mi sùn mọ́jú. Oorun nìkan ni mo tọrọ. Kí ni ọmọ yìí ṣe yín tí ẹ fi fi abẹ gé oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀? Ta ló rán yín? Ẹ dá mi lóhùn, ta ló rán yín níṣẹ́?"

Wọ́n ń gbọ́ bí Mọ̀ríámọ̀ ṣe ń mí.

"Ìyàwó mi wà níbẹ̀?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Ó wà níbí. Ó dúró síbí, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Arúgbó náà tún dákẹ́. Dorcas mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ní Ọ̀yọ́ di fóònù mú mọ́ etí, ó ń fún òun ní ààyè. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó kúkú ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo Ràódàt, ó wo àwọn obìnrin méjì nínú ìjọ rẹ̀ tí wọ́n dúró sẹ́nu géètì. Ó wolẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é, Gbádé," ni Mọ̀ríámọ̀ wí. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Orí àgbà tó ti gbó ni. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Má bínú. Sọ fún ọmọ kó máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀."

"Ìwọ Mọ̀ríámọ̀!" Àwọn èèyàn mí sínú, wọn ò gbọ́ ọ rí kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Láti òní lọ, n kò ní ẹ̀gbọ́n ní Ọ̀yọ́. Tí mo bá kú, má wá. Tí o bá kú, kí wọ́n má pè mí."

"Mo gbọ́, àbúrò mi," ni arúgbó náà wí. "Ẹ rọra jẹun o." Fóònù kú.

Gbádégẹṣin jókòó wọ̀ọ̀ sórí àpótí. Ó wo àwọn èèyàn yí ká, lẹ́yìn náà ó yíjú sí aya rẹ̀.

"Ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ. Ìyá Tolú, o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àbí o ò gbọ́?"

Tolúwalàṣẹ gbójú sókè níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀, ó ń retí.

"Mo gbọ́," ni Dorcas wí.